Ìtọ̀ Ń Ta Mí: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Àrùn Ọ̀nà Ìtọ̀ àti Ìgbà Tó Yẹ Kéèyàn Gbéra Lọ Sílé Ìwòsàn

Ẹni tí ìtọ̀ bá ń ta kì í fẹ́ kí ará ilé gbọ́. Ọ̀dọ̀ ọmọ kẹ́míìsì ló máa yọ́ lọ, á ní kó bá òun di oògùn “infection”, wọ́n á sì di kápúsù mélòó kan fún un sínú ọ̀rá. Nígbà míì ara á yá. Nígbà míì, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á gbé e délé ìwòsàn, ara á ti gbóná, ẹ̀gbẹ́ á máa dùn ún. Torí irú èyí ni mo ṣe kó àwọn ìbéèrè yìí jọ.

Kí ni àrùn ọ̀nà ìtọ̀ gan-an?

Kíndìnrín méjèèjì ló ń sẹ́ ìtọ̀ látinú ẹ̀jẹ̀. Ìtọ̀ náà á gba òpó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò ìtọ̀, ibẹ̀ ló sì máa wà títí a ó fi tọ̀ ọ́ síta. Bí kòkòrò bakitéríà bá gba ibi tí ìtọ̀ ń bá jáde wọlé, tó sì ń pọ̀ sí i níbẹ̀, àrùn ọ̀nà ìtọ̀ dé nìyẹn. Èyí tó ń fà á jù lọ ni Escherichia coli, tí wọ́n ń gé kúrú sí E. coli. Inú ìfun wa ló ń gbé, kì í sì í sábà ṣe wá ní nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbà tó bá ṣáko dé ọ̀nà ìtọ̀ ló ń di wàhálà.

Bó bá ṣì wà nínú àpò ìtọ̀, ó ń ni èèyàn lára, àmọ́ kì í sábà la ewu lọ. Bó bá gòkè dé kíndìnrín, ọ̀rọ̀ ti yí padà, torí láti ibẹ̀ ló ti lè bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí mo máa sọ nípa ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ sáré, ìyàtọ̀ yìí ló dá lé.

Àwọn àmì wo ló máa ń kọ́kọ́ yọjú?

Ìtọ̀ á máa ta yín bí ẹni fi ata sí i. Á máa gbọ̀n yín ṣáá: ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀ tán, ó tún dé, bẹ́ ẹ bá sì bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kán díẹ̀ ló máa jáde. Ó lè máa jí yín lóru léraléra. Ó sì lè le débi pé yóò ti dà kẹ́ ẹ tó dé ilé ìtọ̀. Ìsàlẹ̀ ikùn á máa dùn tàbí kó máa wúwo. Ìtọ̀ fúnra rẹ̀ lè má mọ́ gaara mọ́, ó lè máa rùn, ẹ̀jẹ̀ sì lè hàn nínú rẹ̀.

Kò dìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé. Obìnrin tára rẹ̀ le, tí ìtọ̀ ń ta, tó sì ń gbọ̀n ọ́n lemọ́lemọ́, tí kò sí nǹkan tó ń dà lójú ara rẹ̀, ó ti nídìí láti fura. Àmọ́ òórùn nìkan tàbí àwọ̀ nìkan kò tó. Ẹni tó rìn nínú oòrùn látàárọ̀ láìmu omi, ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n, á sì máa rùn. Oògùn fítámì náà ń yí àwọ̀ ìtọ̀ padà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti dé kíndìnrín?

Ara á gbóná dé 38°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òtútù á máa mú yín débi pé ẹ ó máa gbọ̀n nínú aṣọ ìbora. Ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn, lábẹ́ egungun ìhà, á máa dùn, nígbà míì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Èébì á máa gbé yín, oúnjẹ ò ní lọ. Ìrora yìí kì í ṣe irú ẹ̀yìn dídùn ẹni tó gbé ẹrù, tó máa ń dẹ̀ bí onítọ̀hún bá rí ibi dùbúlẹ̀ sí. Ti kíndìnrín kì í sábà dẹ̀ bẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀ tàbí tẹ́ ẹ yí ẹ̀gbẹ́ padà, bí èèyàn bá sì rọra gbá ibẹ̀, á dùn yín wọnú. Àwọn kan ti máa ń ní ìtọ̀ títa kí èyí tó dé. Àwọn kan kì í ní in rárá, ara gbígbóná ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí.

Bí ara gbígbóná bá ti pàdé ìrora ẹ̀gbẹ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má sọ pé ó di lọ́la, ẹ má sọ pé ó di ẹ̀yìn ọjà. Bí èébì ò bá jẹ́ kí oògùn dúró nínú yín, ojú iṣan ni wọ́n máa gbà fún yín ní oògùn àti omi, ìyẹn ò sì ṣeé ṣe nílé.

Èyí tó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ti ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti ń dàrú, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tọ́wọ́ tẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, tí kò tọ̀ mọ́ tàbí tí òòyì ń kọ́ débi pé kò lè dìde. Ó ṣeé ṣe kí àrùn ti wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wákàtí wákàtí la fi ń ka irú ìyẹn. Nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà ni 112, l'Ékòó wọ́n tún ń pe 767. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò aládùúgbò bá wà nítòsí, ẹ gbé e sínú rẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ, síbi tí dókítà wà lóru.

Ara mi gbóná, òtútù ń mú mi. Ṣé kì í ṣe ibà lásán ni?

Ó lè jẹ́ ibà. Ó sì lè jẹ́ kíndìnrín. Ibí yìí gan-an la ti máa ń fi àkókò ṣòfò jù. Lọ́dọ̀ wa, ara tó bá ti gbóná, ibà ni. Ibà tí kò bá lọ, taífọ́ọ̀dù ni. Ẹ lo oògùn ibà ọjọ́ mẹ́ta, ẹ gba abẹ́rẹ́ taífọ́ọ̀dù lé e, ọ̀sẹ̀ kan á ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé ìtọ̀ wà tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò.

Àyẹ̀wò ibà tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe kì í gbà ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Bó bá sọ pé kò sí ibà, ẹ ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wò. Àyẹ̀wò Widal tí wọ́n fi ń pe taífọ́ọ̀dù kò ṣeé gbára lé lóun nìkan, torí ẹni tí kò ní taífọ́ọ̀dù rárá lè gba èsì tó ní òun ní in. Bí èsì bá tiẹ̀ ní ibà wà, tí ìtọ̀ sì ń ta yín, ẹ sọ méjèèjì fún dókítà. Àìsàn méjì lè pàdé lára ẹnì kan.

Wọ́n ní “toilet infection” ni. Ṣé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta ni mo ti kó o?

Kò dájú. Itan àti ìdí ló ń kan ìjókòó, ihò ìtọ̀ kì í kàn án. Kòkòrò ara ẹni ló sábà ń ṣeni, láti ihò ìdí onítọ̀hún sí ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀.

Ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta ti ń dá kún un ni pé à ń sá fún un. Obìnrin tó ń tajà ní Bódìjà, tàbí tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, á mú ìtọ̀ mọ́ra fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kò sì ní mu omi kí ìtọ̀ má bàa gbọ̀n ọ́n. Ìtọ̀ tó dúró pẹ́ ń fún kòkòrò láyè láti bí sí i. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọ̀nyẹn ń lé èèyàn sá. Síbẹ̀, ó sàn kẹ́ ẹ tọ̀ níbẹ̀ ju kẹ́ ẹ mú un mọ́ra délé lọ.

Bó bá sì jẹ́ pé yíyún ojú ara ni, tàbí nǹkan funfun tó dì, ìyẹn kì í sábà jẹ́ ti ọ̀nà ìtọ̀. Oògùn rẹ̀ yàtọ̀.

Kí ló dé tó jẹ́ obìnrin ló ń mú jù?

Ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, ti ọkùnrin sì tó bí 20. Ti obìnrin tún sún mọ́ ihò ìdí. Bí ìlàjì àwọn obìnrin ló máa ń ní in lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán láyé wọn, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa pe onítọ̀hún ní onídọ̀tí. Ìbálòpọ̀ máa ń ti kòkòrò sún mọ́ ọ̀nà. Bí nǹkan oṣù bá ti dá, ojú ara á gbẹ, kòkòrò rere tó ń ṣọ́ ibẹ̀ á sì dín kù. Ìtọ̀ ṣúgà àti òkúta inú kíndìnrín náà ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Ṣé ọkọ mi ló kó o ràn mí?

Àrùn inú àpò ìtọ̀ kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè tẹ̀ lé ìbálòpọ̀. Ọ̀pọ̀ ìjà tọkọtaya ló ti wáyé lórí èyí láìnídìí. Àmọ́ àtọ̀sí àti chlamydia, tí wọ́n jẹ́ àrùn ìbálòpọ̀, náà ń mú kí ìtọ̀ máa ta. Ẹ wò ó bóyá ọyún ń dà, bóyá ìbálòpọ̀ ń dùn yín, bóyá ẹ̀jẹ̀ ń yọ láàárín nǹkan oṣù kan sí èkejì. Ọkùnrin tí ọyún ń kán lójú nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa pe tirẹ̀ ní ooru. Bọ́rọ̀ bá rí báyìí, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa ṣe àyẹ̀wò, ẹ ó sì jọ gba ìtọ́jú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó kàn máa gbé e fún ara yín ni.

Ẹ̀jẹ̀ ń bá ìtọ̀ ọmọ mi jáde, ara rẹ̀ ò sì gbóná. Ṣé òun náà ni?

Ó lè jẹ́ òun, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ń gbé létí odò tàbí ìsédò, ẹ ronú nípa àtọ̀sí ajá. Aràn kan tó ń jẹ́ Schistosoma haematobium ló ń fà á. Inú ìgbín omi ló ti ń jáde, awọ ara ló sì ń gbà wọlé nígbà téèyàn bá ń lúwẹ̀ẹ́ tàbí tó ń fọṣọ nínú omi náà. Àwọn abúlé tó yí ìsédò Ọ̀yán ká nípìnlẹ̀ Ògùn mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń yọ bí ìtọ̀ bá fẹ́ parí. Oògùn tí wọ́n ń lò sí E. coli kò ní ṣe é ní nǹkan kan, praziquantel ni tirẹ̀. Bí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè ba àpò ìtọ̀ jẹ́, ó sì lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Àgbàlagbà tó rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, tí kò sì dùn ún rárá, kó má torí pé kò dùn ún kó fọwọ́ lérán. Jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Ẹ lọ rí dókítà kódà bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ti dá.

Mo lóyún. Kí ló yẹ kí n mọ̀?

Títọ̀ lemọ́lemọ́ jẹ́ ara oyún. Títa kì í ṣe ara oyún.

Kòkòrò tiẹ̀ lè wà nínú ìtọ̀ aboyún láìjẹ́ pé ó ń ta á. Ẹni tí kò lóyún, bí irú rẹ̀ bá yọ nínú àyẹ̀wò tí kò sì ní àmì kankan, wọn kì í sábà tọ́jú ẹ̀. Ti aboyún gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú, torí ó rọrùn fún un láti gòkè dé kíndìnrín, ó sì lè mú kí ọmọ wáyé láìtọ́jọ́ tàbí kó kéré jù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ìtọ̀ lọ́wọ́ yín ní àntenétàl. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tó gbé jáde lọ́dún 2016, ní oògùn apakòkòrò ọjọ́ méje ni kí wọ́n fún irú aboyún bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe fi ciprofloxacin tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín tọ́jú ara yín. Bára bá sì gbóná tàbí tí ẹ̀gbẹ́ ń dùn yín, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kódà bí ìyá agbẹ̀bí bá ní oyún ló ń ṣe yín bẹ́ẹ̀.

Ọmọ kékeré ń kọ́?

Ọmọ ọwọ́ ò lè sọ pé ìtọ̀ ń ta òun. Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni ara gbígbóná tí ẹ ò rídìí rẹ̀, èébì, ọyàn tí kò fẹ́ mu, ẹkún bó bá ń tọ̀, tàbí kó kàn rọ sílẹ̀. “Eyín ló ń hù” ti bo ọ̀pọ̀ irú èyí mọ́lẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, tára rẹ̀ gbóná dé 38°C, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Ọmọ tó dàgbà tó ti jáwọ́ nínú ìtọ̀ orí ẹní, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé, ẹ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó bá a wí.

Bàbá mi àgbà ń kọ́?

Ọkùnrin èyíkéyìí tí ìtọ̀ bá ń ta, kó lọ rí dókítà, kó má lọ sí kẹ́míìsì. Bí prostate àgbàlagbà, ìyẹn ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, bá wú, ìtọ̀ kì í tán nínú àpò rẹ̀, kòkòrò á sì máa gbé ibẹ̀. Bí kò bá wá lè tọ̀ mọ́ rárá, tí ikùn ìsàlẹ̀ le, pàjáwìrì ni. Àgbàlagbà tó ṣàdédé ń sọ ìsọkúsọ tàbí tó ń ṣubú, ẹ yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò, ìtọ̀ náà kò gbẹ́yìn. Ẹni tó ní róbà ìtọ̀ (catheter) lára, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tí ìtọ̀ ò gba inú róbà kọjá mọ́, kó má dúró sílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí jínótáìpù wọn jẹ́ SS àti àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà.

Ṣé kí n ra Ampiclox àti Flagyl?

Oògùn méjì ni wọ́n pò mọ́ra nínú Ampiclox: ampicillin àti cloxacillin. Cloxacillin kì í pa E. coli. Ampicillin máa ń pa á tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ E. coli ti di ẹni tí apá rẹ̀ ò ká mọ́. Flagyl ní tirẹ̀ wà fún àwọn kòkòrò míì, bí amoeba àti èyí tí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́, kò sí ohun tó lè fi E. coli inú àpò ìtọ̀ ṣe. Ẹ wá wò ó, àwọn oògùn tí wọ́n máa ń dì fúnni fún “infection” kì í fi bẹ́ẹ̀ kan kòkòrò tó ń fa àrùn yìí. Bára bá sì yá lẹ́yìn rẹ̀, ó lè jẹ́ pé omi tẹ́ ẹ mu àti ara yín ló ṣe é, torí èyí tí kò le máa ń lọ fúnra rẹ̀ nígbà míì.

Fún ti àpò ìtọ̀, dókítà sábà máa ń ronú nípa nitrofurantoin fún ọjọ́ 5, tàbí fosfomycin gíráàmù 3 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kì í ṣe torí kẹ́ ẹ lè lọ rà á ni mo ṣe dárúkọ wọn. Nitrofurantoin kì í wo ti kíndìnrín, wọn kì í sì í fún aboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé. Ní ti ciprofloxacin tí gbogbo èèyàn ń pè ní Cipro, lọ́dún 2016 ni FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún àrùn àpò ìtọ̀ lásán bí oògùn míì bá wà, torí ó lè ba iṣan jẹ́ débi pé èyí tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ lè já.

Ẹ lo èyí tí wọ́n bá kọ fún yín bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Kápúsù mẹ́rin kì í ṣe ìtọ́jú, ó kàn ń kọ́ kòkòrò lógbọ́n ni. Bí kò bá dẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì tẹ́ ẹ ti ń lò ó, ẹ padà lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gba ìtọ̀ fún àyẹ̀wò?

Kẹ́ ẹ tó gbé oògùn kankan mì. Ẹ fi omi fọ ojú ara, ẹ tọ ìtọ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀, ẹ gba ti àárín sínú ike láàbù, ẹ tọ ìyókù sílẹ̀. Ike bọ́tà kọ́, bó ti wù kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ tó. Kó dé láàbù láàárín wákàtí méjì, tàbí kó wà nínú fíríìjì. Èsì ti pépà tí wọ́n ń tì bọ inú ìtọ̀ kì í pẹ́, àmọ́ ti kọ́ṣọ̀ (culture), níbi tí wọ́n ti ń hu kòkòrò náà láti mọ oògùn tó ń pa á, ń gba bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta.

Bí wọ́n bá ní “Staph”, ìyẹn kòkòrò bakitéríà Staphylococcus, ni wọ́n rí, ẹ má jẹ́ kí jìnnìjìnnì bò yín. Ó wà lára awọ ọ̀pọ̀ èèyàn, ìtọ̀ tí wọn ò gbà dáadáa sì lè gbé e wọ inú ike. Ẹ jẹ́ kí dókítà wo èsì náà kẹ́ ẹ tó sanwó abẹ́rẹ́ ọlọ́pọ̀ ọjọ́.

Agbo ń kọ́?

Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí agbo, àmọ́ bí ara bá ti gbóná tàbí tí ẹ̀gbẹ́ ń dùn yín, ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ń mu agbo lẹ̀ ń yá kòkòrò lò. Èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ, ẹ fi sílẹ̀ pátápátá. Bẹ́ ẹ bá sì ti mu ún, ẹ sọ fún dókítà, kò ní lù yín.

Kí ni mo lè ṣe kó má bàa wá?

Omi. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2018, wọ́n wá obìnrin 140 tí àrùn yìí máa ń yọ lẹ́nu, tí wọn kì í sì í mu omi tó. Wọ́n ní kí ìdajì wọn fi lítà 1.5 kún omi tí wọ́n ń mu lóòjọ́. Láàárín ọdún kan, àwọn wọ̀nyí ní in ní ìpíndọ́gba ìgbà 1.7, àwọn tó kù sì ní in ní ìgbà 3.2. Pure water mẹ́ta oní-50cl ni lítà 1.5. Ẹni tí dókítà bá ti ní kó dín omi kù torí ọkàn tàbí kíndìnrín, èyí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ máa nu ìdí tàbí kẹ́ ẹ máa ṣan án láti iwájú lọ sẹ́yìn, kẹ́ ẹ kọ́ àwọn ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ẹ tọ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Ẹ má fi Dettol, ọṣẹ olóòórùn dídùn tàbí álọ́ọ̀mù fọ inú ojú ara. Kòkòrò rere tó ń ṣọ́ ibẹ̀ lẹ ó pa.

Ọmọ mi obìnrin wà ní London, wọ́n ní kò lè tètè rí GP, ìyẹn dókítà àdúgbò.

Láti January 31, 2024, àwọn ilé oògùn ní England ti lè fún obìnrin tó wà láàárín ọdún 16 sí 64 ní oògùn fún èyí tí kò le, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ rí dókítà. Bó bá lóyún, ètò yẹn ò kàn án. Bí ara rẹ̀ bá gbóná tàbí tí ẹ̀gbẹ́ ń dùn ún, kó pe 111.

Wọ́n ti tọ́jú mi, ó tún padà wá.

Bó bá wá lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́fà tàbí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan, ẹ má kàn tún oògùn àtẹ̀yìnwá rà. Ẹ ní kí wọ́n ṣe kọ́ṣọ̀, kí wọ́n wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì ṣe sìkáànù kíndìnrín àti àpò ìtọ̀ bí dókítà bá rí i pé ó yẹ. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá lè béèrè nípa ìpara estrogen tí wọ́n ń fi sójú ara, ó ń dín pípadà rẹ̀ kù. Ẹ kó gbogbo èsì àyẹ̀wò àti páálí oògùn tẹ́ ẹ ti lò dání, títí kan èyí tẹ́ ẹ rà ní kẹ́míìsì.